Àtùpà Dígí Ara Ògiri: Ta Ni Yóò Fi Ẹnu Fẹ́ Èkejì Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí iwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtùpà ni. Ẹlòmíràn lè wí pé, kí ni a fẹ́ rí sọ nípa àtùpà tí yóò kún ojú ìwé ìròyìn? A bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó ní sùúrù díẹ̀. Nítorí láti ara àtùpà kan tí ó fọ́ ní Akúte ni a ti rí ohun kan tí ó kan gbogbo ọmọ Yorùbá tí ń kọ́ ilé, àti gbogbo òbí tí ń wá iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò kọ́.

Akúte, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín ti mọ̀, wà ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ẹ̀bá ibi tí ilẹ̀ Ògùn àti ilẹ̀ Èkó ti pààlà. Odò Ògùn ń ṣàn kọjá ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní etí odò náà ní Akúte ni wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí láti fa omi lọ sí ilé iṣẹ́ omi Ìjú fún ìlò àwọn ará Èkó. Ní ìgbà àtijọ́ oko ni ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Èkó ti kún, àwọn ènìyàn ń rọ́ wá sí Akúte, Àjùwọ̀n, Alágbọ̀lé àti àwọn àdúgbò tí ó yí wọn ká; wọ́n ń ra ilẹ̀, wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń kan páànù. Bí ilé bá ti parí, ó di kí a ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Lára ọ̀ṣọ́ tí ó sì wọ́pọ̀ nísinsìnyí ni àtùpà tí a ń gbé kọ́ ara ògiri ní pálọ̀, ní ẹnu ọ̀nà, àti ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn.

Ọ̀rẹ́ wa kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, kọ́ ilé kan sí ibẹ̀. Nígbà tí ilé parí, ọmọbìnrin rẹ̀ tí ń gbé ní òkè òkun fi àtùpà ara ògiri méjì ránṣẹ́ sí i. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Dígí, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní gíláàsì, ni. Ẹnu ni oníṣẹ́ sì fi fẹ́ ẹ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, ó rí róbótó bí igbá kékeré. Bí iná bá tàn nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa tàn kálẹ̀ lára ògiri bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ lójú omi. Àwa fúnra wa wà ní ibẹ̀ ní ọjọ́ tí oníná wá láti kọ́ wọn. Ó kọ́ ọ̀kan ní àlàáfíà. Èkejì yọ̀ bọ́ ní ọwọ́ rẹ̀, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí ilẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. N ó lọ sí Èkó lọ́la, n ó ra òmíràn dípò rẹ̀.”

Bàbá dáhùn pé, “Dìde, ọmọ mi. Ṣé kò gé ọ lọ́wọ́? Ohun tí ó fọ́ ti fọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá rí irú rẹ̀ rà, ìwọ náà yóò sọ fún mi.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ náà fi rìn káàkiri ọjà. Ó rí àtùpà tí ó pọ̀ bí eéṣú. Ó rí onídígí, ó rí oníke, ó rí onírin. Ṣùgbọ́n kò rí ẹyọ kan ṣoṣo tí ó lè dúró ti èyí tí ó ṣẹ́ kù. Nígbà tí ó wá béèrè bóyá ẹnìkan wà ní agbègbè yìí tí ó lè ṣe irú rẹ̀, èsì kan náà ni gbogbo àwọn òǹtajà fún un: “Bí ó bá ṣe wá láti òkè òkun ni a ń tà á. Kò sí ẹni tí yóò ṣe ẹyọ kan fún ọ níhìn-ín.” Nígbà tí ó padà wá jíṣẹ́, gbólóhùn yìí ni ó gún wa ní ọkàn, òun ni ó sì mú wa jókòó ti ìwé àti kálàmù. Kí ni ó ṣòro nínú fífẹ́ dígí tí gbogbo ọjà wa kò fi ní ẹnìkan tí ó mọ̀ ọ́n? Ṣé iṣẹ́ tí àwọn baba wa kò dé ìdí rẹ̀ rí ni?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí dígí ń ṣe lára àtùpà. Fìtílà àwọn baba wa kò ní dígí. Àwo amọ̀ ni, a bu epo sí i, a fi òwú sí i, a sì tan iná sí orí òwú náà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré, èéfín rẹ̀ pọ̀, bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá sì fẹ́, òkùnkùn dé. Ní ọdún 1780 ni ará Switzerland kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Argand ṣe àtùpà tuntun jáde, èyí tí a fi ìgò oníhò yí iná rẹ̀ ká. Ìgò náà ń fa afẹ́fẹ́ gòkè gba inú iná kọjá, epo a sì jó dáadáa, èéfín a dínkù, ìmọ́lẹ̀ a pọ̀ sí i. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìran ìgò àtùpà tí àwọn ìyá wa ń fi eérú àti àkísà nù ní ìrọ̀lẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ wá.

Lẹ́yìn èyí ni iná mànàmáná dé. Ní ọdún 1879 ni Edison ti Amẹ́ríkà tan gílóòbù rẹ̀ tí ó yege. Dígí tún ni ó gbà á là, nítorí òwú inú gílóòbù yóò jó tán ní ìṣẹ́jú akàn bí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ní ìlú Corning, ní ìpínlẹ̀ New York, ni àwọn oníṣẹ́ dígí ti ń fi ẹnu fẹ́ gílóòbù fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ o: gbogbo gílóòbù tí ó kọ́kọ́ tàn ní ayé, èémí ènìyàn ni ó wú u. Ní ọdún 1926 ni ilé iṣẹ́ Corning náà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ń fẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún gílóòbù ní ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ ẹnu sì kúrò lára gílóòbù. Ní tiwa níhìn-ín, iná mànàmáná ti dé Èkó kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, ní ọdún 1923 ni ilé iṣẹ́ iná Ìjọ́ra sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nísinsìnyí tí gílóòbù LED ti gba ilé gbogbo, iṣẹ́ dígí ara ògiri ti yí padà. Kì í ṣe láti dáàbò bo iná mọ́, bí kò ṣe láti dáàbò bo ojú wa. Ìmọ́lẹ̀ LED a máa jáde láti ojú kékeré kan, a sì máa gún ènìyàn lójú. Bí dígí tí ó nípọn níhìn-ín tí ó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún bá wà níwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà a fọ́n ká, a rọ̀, a sì tutù lójú. Dígí tí ẹ̀rọ ṣe a máa nípọn bákan náà káàkiri. Èyí tí a fi ẹnu fẹ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú kí ìmọ́lẹ̀ àtùpà ọ̀rẹ́ wa dára lójú nìyẹn.

Báwo ni a ti ń fẹ́ ẹ? Yanrìn funfun tí kò ní ìdọ̀tí ni ìpìlẹ̀ dígí. A ó po sódà mọ́ ọn kí ó lè tètè yọ́, a ó sì fi lyẹ̀fun òkúta ẹfun sí i kí omi má bàa lè jẹ dígí náà níkẹyìn. Iná tí yóò sọ àdàlù yìí di dígí a máa tó ìwọ̀n 1,400 sí 1,500 ní ti Celsius, bẹ́ẹ̀ omi tí ń hó kò ju 100 lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àfọ́kù ìgò kún un, iná tí yóò jẹ kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí àfọ́kù ìgò ti jẹ́ dígí tẹ́lẹ̀. Yíyọ́ nìkan ni ó kù fún un.

Oníṣẹ́ yóò ti ọ̀pá irin gígùn oníhò bọ inú iléru, yóò máa yí i bí ẹni fi igi ká oyin, títí dígí yíyọ́ yóò fi lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀. Yóò yí i lórí pẹpẹ irin kí ó lè rí róbótó. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹnu sí ìdí ọ̀pá, yóò sì fẹ́ ẹ. Èémí rẹ̀ a dá ihò sí inú dígí náà, dígí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò gbọdọ̀ dáwọ́ yíyí dúró. Bí ó bá dúró, dígí a wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá ń tutù, yóò dá a padà sí ẹnu iná. Nígbà tí ó bá tó bí ó ti fẹ́, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi ọ̀pá mìíràn mú un ní ìdí, wọn yóò gé e kúrò lórí ọ̀pá àkọ́kọ́, wọn yóò sì ṣí ẹnu rẹ̀ níbi tí gílóòbù yóò gbà wọlé.

Iṣẹ́ kò tíì parí. A kò gbọdọ̀ gbé e kalẹ̀ kí ó tutù lójijì, nítorí òde rẹ̀ yóò tutù ṣáájú inú, ìjà yóò sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Dígí náà lè dá sán ní òru láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Inú ààrò mìíràn tí ó gbóná tó nǹkan bí 500 ni a ó gbé e sí, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa tutù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí. Ẹni tí kò ní sùúrù fún ìtutù yìí, asán ni gbogbo làálàá rẹ̀.

Ní etí òkun ìlà-oòrùn Mẹditaréníà, ní agbègbè Síríà àti Palẹstínì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ dígí bẹ́ẹ̀, ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn ará Róòmù gbé e kiri gbogbo ilẹ̀ ọba wọn. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá, àwọn oníṣẹ́ Íjíbítì àti Síríà ń ṣe àtùpà dígí aláràbarà tí wọ́n ń so rọ̀ ní àwọn mọ́sálásí Káírò. Ní ọdún 1291, ìjọba Venice ní ilẹ̀ Ítálì pàṣẹ pé kí gbogbo àwọn oníléru dígí kó lọ sí erékùṣù Murano, kí iná má bàa jó ìlú. Títí di òní, Murano ni orúkọ tí àwọn olówó máa ń dá bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àtùpà dígí tí a fi ẹnu fẹ́.

Bí ẹni tí ó gbọ́ eléyìí bá wá wí pé, “Nígbà náà, dígí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa,” àwa yóò sọ fún un pé ó ti ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Igbó kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Igbó Olókun. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó rí i tí àwọn ènìyàn ń wa ilẹ̀ igbó náà láti fi wá ìlẹ̀kẹ̀, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí dígí yíyọ́ lẹ̀ mọ́ ní inú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń jiyàn bóyá àwọn ará Ifẹ̀ ni wọ́n ṣe dígí náà fúnra wọn, tàbí wọ́n kàn ń yọ́ dígí tí ó ti òkèèrè wá.

Ọmọ Yorùbá ni ó wá yanjú ọ̀ràn náà. Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola wa ilẹ̀ Igbó Olókun pẹ̀lú ìlànà sáyẹ́ǹsì, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé àkókò Antiquity ní ọdún 2017. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí wọ́n rí ju 12,000 lọ. Àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí ju 800 lọ. Pàǹtí dígí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 3. Iṣẹ́ náà ti ọ̀rúndún kọkànlá dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tí ó wà nínú dígí náà wò, wọ́n rí i pé ó yàtọ̀ sí ti Róòmù, ó yàtọ̀ sí ti Lárúbáwá, ó sì yàtọ̀ sí ti Índíà. Ohun inú ilẹ̀ Ifẹ̀ ni àwọn baba wa fi sè é. Irú dígí yìí kan náà ni a sì ti rí ní Gao, ní ilẹ̀ Mali, ní etí aṣálẹ̀. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn rin ìrìn àjò jìnnà.

Òótọ́ ni pé ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi dígí náà ṣe, kì í ṣe àtùpà. Wọ́n ń fà á bí okùn oníhò ni, kí wọ́n tó gé e ní kéékèèké. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ẹni tí ó lè sọ òkúta di dígí ti borí èyí tí ó le jù. Àti fi ẹnu fẹ́ ẹ kò le tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Frobenius fi máa dé, ilẹ̀ ni a ti ń wa ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀gi, kò sí ẹni tí ń sè é mọ́. Ọwọ́ ti já. Ohun tí baba mọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ohun tí ó dùn wá jù nínú ìtàn yìí nìyẹn, nítorí kì í ṣe pé yanrìn tán ní Ifẹ̀, kì í sì í ṣe pé igi ìdáná tán.

Ní Bídà, ní ilẹ̀ Nupe, ọwọ́ kò já bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ dígí ibẹ̀, tí a ń pè ní Masaga, wà ní ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì ní olórí. Nadel, ọ̀mọ̀wé tí ó gbé láàárín àwọn Nupe ní àwọn ọdún 1930, ròyìn iṣẹ́ wọn nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 1942: bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ẹwìrì fínná, tí àwọn àgbà sì ń fi ọ̀pá irin ká dígí yíyọ́ láti ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀. Ìgò òfìfo ni ó di ohun èlò wọn, ìgò tí ẹlòmíràn ti mu ohun inú rẹ̀ tán tí ó sì jù nù. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Bídà àti Ifẹ̀? Ẹgbẹ́ ni. Ní Bídà, ọmọ ń jókòó ti baba rẹ̀ ní ẹnu iléru, iṣẹ́ sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì.

Ní ìgbà tiwa yìí pàápàá, àwọn ènìyàn dúdú ti fi hàn pé fífẹ́ dígí kì í ṣe èèwọ̀ fún wa. Ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Swaziland tẹ́lẹ̀, tí ó di Eswatini ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ kan wà tí a ń pè ní Ngwenya Glass. Ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Swídìn ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní ọdún 1979. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún jí ní ọdún 1987. Àfọ́kù ìgò ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀, ẹnu ni wọ́n sì fi ń fẹ́ ẹ, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni oníṣẹ́. Ní Ghana tí kò jìnnà sí wa, ní Odumase Krobo, ìlú tí a ti mọ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ dígí tipẹ́, ọkùnrin kan ti lọ kọ́ iṣẹ́ fífẹ́ dígí ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó padà wá sí ilé, ó kọ́ iléru tirẹ̀, ó sì ń fi ìgò àti dígí tí a jù nù ṣe ohun ẹ̀ṣọ́.

Nàìjíríà pẹ̀lú kò ṣófo. Ní Agbára, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, ilé iṣẹ́ ńlá kan wà tí ń fi ẹ̀rọ ṣe ìgò ọtí àti ìgò òògùn. Ní yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan wà fún ìmọ̀ dígí. Nítorí náà yanrìn wà, ìgò àfọ́kù wà, ìwé wà. Ohun tí kò sí ni ẹnu iléru kékeré tí ọmọ Akúte tàbí ọmọ Ìfọ̀ lè lọ jókòó tì fún ọdún mẹ́ta, kí ó kọ́ iṣẹ́ yìí bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ télọ̀.

Àwa kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Iṣẹ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Iléru dígí kì í ṣe ààrò tí a ń dá ní òwúrọ̀ kí a pa á ní alẹ́. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni kì í jẹ́ kí tiwọn kú ní ọ̀sán tàbí ní òru, nítorí bí ó bá tutù, ìkòkò inú rẹ̀ lè sán. Owó gáàsì tí yóò jẹ kì í ṣe kékeré. A kò sì lè po ìgò oríṣiríṣi pọ̀ bí ẹni po ẹ̀wà mọ́ àgbàdo. Bí ìwọ̀n tí ọ̀kan fi ń wú nínú ooru bá yàtọ̀ sí ti èkejì, ohun tí a fi wọ́n ṣe yóò sán nígbà tí ó bá tutù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é dáadáa yóò ṣa ìgò rẹ̀ ní irú kan náà, àwọ̀ kan náà.

Nítorí náà ni àwa ṣe wí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí àwọn ẹgbẹ́ onílé ní Akúte àti agbègbè rẹ̀, tí ń dá owó fún ọ̀nà àti fún ọlọ́dẹ, bá lè bá àwọn tí ń ya àwòrán ilé sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì gbà láti ra àtùpà ara ògiri wọn lọ́wọ́ oníṣẹ́ ilé bí ó bá dìde, oníṣẹ́ náà yóò dìde. Kò sí ẹni tí ń dá iná iléru fún ọjà tí kò ní oníbàárà. Akúte nìkan ń kọ́ ilé tí ó tó láti bọ́ iléru kan, kí a má tilẹ̀ tíì ka Mowe àti Ibafo.

Kí ọjọ́ náà tó dé, àwọn tí ń ra ti òkè òkun nísinsìnyí yóò fẹ́ mọ bí a ti ń yàn án àti bí a ti ń lò ó, a kò sì ní fi èyí pamọ́ fún wọn. Bí a bá sọ fún yín pé ẹnu ni a fi fẹ́ àtùpà kan, ẹ gbé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá bára mu pátápátá bí ìbejì, tí ìlà sì là wọ́n já ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èyí tí a fi ẹnu fẹ́ a máa yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó rí èéfó afẹ́fẹ́ kékeré nínú rẹ̀, tàbí àpá ní ìdí rẹ̀ níbi tí ọ̀pá irin ti mú un. Àbùkù kọ́ ni ìwọ̀nyí. Àmì ọwọ́ ni.

Ní ti gíga, ẹ jẹ́ kí ó wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ààbọ̀ sí 6 láti ilẹ̀, kí gílóòbù má bàa kọjú sí ojú ẹni tí ó dúró. Dígí tí a fi ẹnu fẹ́ a máa wúwo, nítorí náà kí irin tí a fi kọ́ ọ wọ inú búlọ́ọ̀kù, kí ó má ṣe di sìmẹ́ńtì ojú ògiri nìkan mú. Bí irin bá wà lára àtùpà náà, kí oníná so wáyà tí ń lọ sí ilẹ̀ mọ́ ọn, nítorí ẹ̀mí. Ẹ pa iná láti orísun kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà. Gílóòbù LED tí ń jẹ iná 8 tàbí 9 watt yóò fún yín ní ìmọ́lẹ̀ tí gílóòbù àtijọ́ 60 watt ń fún ni, kò sì ní mú kí dígí gbóná; èyí sì dára púpọ̀ fún ilé tí ń lo iná oòrùn àti bátìrì nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fọ dígí náà, ẹ jẹ́ kí ó tutù ná, ẹ lo omi àti ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ nípọn sí ilẹ̀ lábẹ́ ibi tí ẹ ti ń fọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ wa ti fi owó kọ́ ọgbọ́n aṣọ yìí. Ẹ̀yin fi ojú kọ́ ọ.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wa dé? Ó gbé àtùpà kan tí ó kù sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí kò ti ní dà bí ẹni tí ó sọ èkejì rẹ̀ nù. Ní pálọ̀, ó fi ìdérí kékeré bo ẹnu wáyà, ó sì fi àyè náà sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníná fẹ́ gbá àfọ́kù dígí náà dà nù, ṣùgbọ́n Bàbá kò gbà. Ó ní kí ó kó o sínú agolo mílíìkì, nítorí dígí kì í kú. Ẹni tí ó bá ní iná tí ó tó lè sọ ọ́ di odidi lẹ́ẹ̀kan sí i. Agolo náà wà lórí pẹpẹ ìwé rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí a sì lọ kí i kẹ́yìn, ọmọ náà ni ó ń bi wá pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni?”

A kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Bí ẹnìkan bá wà nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ó mọ ẹnu iléru kan ní ilẹ̀ Yorùbá níbi tí ọmọ ènìyàn ti lè kọ́ iṣẹ́ fífẹ́ dígí, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé yìí pẹ̀lú ayọ̀, a ó sì rí i dájú pé ó dé Akúte.